Ibi Tí Ẹ̀dá Omi Yóò Dì Mú: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò sí Etí Omi New York

Ọjọ́ Ajé, ìsàlẹ̀ Manhattan

Nígbà tí mo sọ pé mò ń lọ wo etí omi ní New York, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rò pé etíkun ìgbafẹ́ ni mò ń wí. Etí omi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì, irin àti òpó dí pa ni mo fẹ́ rí, nítorí níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dá ẹja, akàn àti ọ́ísítà (ẹran omi oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan líle) padà sínú omi tí ìlú ti bà jẹ́. Èbúté Mẹ́tta ni wọ́n bí mi sí, ojú ọ̀sà Èkó ni mo là sí, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama. Bí wọ́n ṣe ń da yanrìn sínú ọ̀sà wa, tí wọ́n ń mọ ògiri yí etí rẹ̀ ká, ń dùn mí dọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Canarsie, ní Brooklyn, ló gbà mí sílé. Lónìí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá mi wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ Manhattan, níbi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Pearl Street la kọ́kọ́ rìn. Ilé gogoro ló yí i ká báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Netherlands ń ṣàkóso ibẹ̀, ẹni tó bá dúró ní ọ̀nà yìí, omi ló kọjú sí, òkìtì ìkarahun ọ́ísítà sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Kí a tó rí omi lónìí, a kọ́kọ́ gba Water Street kọjá, lẹ́yìn náà Front Street, kí a tó já sí South Street. Gbogbo ilẹ̀ tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí rẹ̀, wọ́n dà á sínú odò ni.

Ọ́ísítà ló bọ́ ìlú yìí. Nígbà tí ọkọ̀ Henry Hudson, awakọ̀ òkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ èbúté New York ní 1609, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ibùsùn ọ́ísítà tó wà nísàlẹ̀ omi tó 220,000 éékà. Àwọn Lenape tó ni ilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tolówó tòtòṣì ló ń jẹ ẹ́, ní ojú pópó àti ní ilé oúnjẹ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ilé oúnjẹ náà, adúláwọ̀ ló ni ín: Thomas Downing, tí wọ́n bí ní Virginia ní 1791. Broad Street ni ilé oúnjẹ rẹ̀ wà. Lókè, àwọn oníbáńkì àti olóṣèlú ń jẹ ọ́ísítà. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, Downing ń fi àwọn ẹrú tó sá láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù pamọ́. Mo dúró ní Broad Street fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, “Ọ́ńkù, kí lẹ̀ ń wò?” Mo ní ilé Downing ni. Ilé náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé èèyàn bíi tiwa wà nínú ìtàn èbúté yìí.

Láti ibẹ̀ la rìn dé Battery Park City. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ World Trade Center lélẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n dà sínú odò Hudson láti fi ṣe ilẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ sì tó 92 éékà. Ẹni tó bá mọ Eko Atlantic ní Victoria Island mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo fara ti irin etí rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀: ògiri tó dúró ṣánṣán, omi dúdú, ibú.

Ohun tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún omi nìyí. Etí omi tí Ọlọ́run dá máa ń rọra jìn ni. Ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà koríko, ẹrẹ̀, omi tó mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀, omi tó mu èèyàn dé orúnkún, kó tó wá kan ibú. Nínú omi tí kò jìn yẹn ni ọmọ ẹja ti ń sá fún ẹja ńlá, ibẹ̀ ni akàn ti ń bọ́ awọ, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń dé ìsàlẹ̀. Ògiri gé gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì tó bá kọlù ú kì í kú síbẹ̀, ńṣe ló ń ta padà tó sì ń wa ẹsẹ̀ ògiri náà. Ara ògiri tún ń dán. Ọmọ ẹ̀dá tó ń wá ibi tí yóò lẹ̀ mọ́ kò rí nǹkan dì mú. Etí omi New York tó 520 máìlì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ti di ògiri, òpó tàbí òkìtì òkúta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Governors Island

Ọkọ̀ ojú omi kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ìsàlẹ̀ Manhattan. Erékùṣù náà jẹ́ 172 éékà, èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ ni wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò ọkọ̀ ojú irin Lexington Avenue ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ológun ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Báyìí, ọgbà ìgbafẹ́ àti ilé-ìwé ló wà níbẹ̀.

Ilé-ìwé náà, New York Harbor School, ni mo fẹ́ rí ju ohun gbogbo lọ. Ilé-ìwé ìjọba ni, kì í ṣe ti ọmọ olówó. Bushwick, ní Brooklyn, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2003, ó sì kó wá sí erékùṣù yìí ní 2010. Yàtọ̀ sí ìṣirò àti gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ń kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi, bí a ṣe ń kàn án, bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ omi pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, àti bí a ṣe ń sin ẹran omi. Àárín ilé-ìwé yìí ni Billion Oyster Project ti jáde ní 2014, lọ́wọ́ Murray Fisher àti Pete Malinowski. Ohun tí wọ́n ń lépa kò fara sin: bílíọ̀nù kan ọ́ísítà padà sínú èbúté New York kó tó di ìparí 2035. Èyí tí wọ́n ti fi sómi ti kọjá 100 mílíọ̀nù.

Òkìtì ìkarahun ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ wò. Àwọn ilé oúnjẹ ìlú ló ń kó ìkarahun tí oníbàárà jẹ ẹran rẹ̀ tán pamọ́, ọkọ̀ sì ń kó o wá síbí dípò kó lọ sí ààtàn. Odindi ọdún kan ni yóò wà nínú oòrùn àti òjò kí ohun tó lè kó àrùn wọ omi tó kú tán lára rẹ̀. Òórùn kọlu wá kí a tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá lẹ́yìn ọjà Èbúté Èrò ní ọ̀sán gangan yóò mọ bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ìkarahun fi ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọmọ ọ́ísítà, nígbà tó ṣì kéré tí ojú lásán kò lè rí i dáadáa, máa ń léfòó nínú omi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi líle tí yóò jókòó lé. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló máa wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohun tó sì wù ú jù láti lẹ̀ mọ́ ni ìkarahun ọ́ísítà tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Láyé àtijọ́, baba ń gbé ọmọ, ọmọ ń gbé ọmọ-ọmọ, òkìtì náà ń ga sí i. Nígbà tí wọ́n kó ìkarahun tán nísàlẹ̀ èbúté, ẹrẹ̀ ló kù. Ọmọ tó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó, ó kú. Nítorí náà, bí omi tilẹ̀ mọ́ bí ẹkún, ọ́ísítà kò ní padà wá fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ohun líle nísàlẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń kó ìkarahun tó ti gbẹ sínú táńkì omi iyọ̀, wọ́n á tú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà sí i, wọ́n á fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ láti lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n tó gbé wọn lọ sínú èbúté. Obìnrin tó ń darí wa mú ìkarahun kan jáde nínú táńkì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí wúruwùru, ó funfun, ó sì ní àlà eérú. Ní inú rẹ̀, níbi tó ń dán, mo rí àmì pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ mélòó kan. Kò sí èyí tó tó èékánná ìka kékeré. Mo fi ìka kàn ọ̀kan. Ó dúró gbọn-in, etí rẹ̀ sì mú débi pé mo tètè yọwọ́. Ẹ̀dá tó wà láàyè ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ ilé tirẹ̀ sórí ilé ẹni tó ti kú.

Bí ọ́ísítà bá dàgbà tán, tí omi sì gbóná dáadáa, ọ̀kan ṣoṣo lè sẹ́ omi tó tó 50 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ó ń fa omi wọlé, ó ń jẹ àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ó ń tu ìyókù sí ìsàlẹ̀ omi. Omi tó mọ́ sí i á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ìhò àárín ìkarahun tó dì mọ́ra wọn ni edé àti ọmọ ẹja ń gbé. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn tẹnu mọ́ ohun kan lemọ́lemọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ èyí tó wà nínú èbúté yìí. Ẹ̀gbin àti oró tó ń sẹ́, ara rẹ̀ ló ń kó díẹ̀ sí.

Ọjọ́rú, òjò

Òjò rọ̀ láti ìdájí. A jókòó sílé títí di ọ̀sán, mo sì ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí Gowanus, ipa omi kan ní Brooklyn tí ilé-iṣẹ́ ti lò fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ibi tó bà jẹ́ jù ní orílẹ̀-èdè wọn ní 2010.

Ọjọ́ òjò ló yẹ kéèyàn lọ wò ó. Nǹkan bí 60% nínú àwọn páìpù ẹ̀gbin New York, páìpù kan náà ni wọ́n fi ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, gbogbo rẹ̀ ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Bí òjò bá pọ̀, páìpù kún, ó sì tú sínú omi èbúté. Mo rí ẹnu páìpù kan tó ń tú u. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀.

Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ ọ́ísítà bí ẹni pé òun nìkan ló máa tún omi ṣe. Irọ́ ni. Páìpù ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní New York. Òfin omi mímọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972. Síbẹ̀, títí di 1986, nígbà tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ North River tó ń tún omi ẹ̀gbin ṣe, omi ìgbọ̀nsẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn Manhattan ń lọ tààrà sínú Hudson láìsí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Owó tabua ni wọ́n ná, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà, kí ẹnikẹ́ni tó lè máa sọ̀rọ̀ nípa bí ẹja yóò ṣe padà. Ní Gowanus, wọ́n ń kọ́ táńkì méjì sábẹ́ ilẹ̀ tí yóò máa gba omi òjò dúró, ọ̀kan yóò gba 8 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù, èkejì 4 mílíọ̀nù. Ní tiwa l'Ékòó, gọ́tà ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, ìyẹ̀fun igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Òkòbàbà sì ti lé e lórí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹ̀dá omi padà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ gọ́tà wí kó tó kan ọ̀rọ̀ ìkarahun.

Ọjọ́bọ̀, etí odò Hudson

Ojú ọjọ́ mọ́. A rìn láti Pier 26, èbúté kan tó nà wọ inú odò, lọ sókè.

Ìtàn kan wà níbí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba fẹ́ da ilẹ̀ sínú Hudson, kí wọ́n sì gba ọ̀nà ńlá kan, Westway, kọjá níbẹ̀. Àwọn èbúté onípákó àtijọ́ ti bà jẹ́ nígbà náà, òpó wọn ń jẹrà nínú omi, gbogbo ayé rò pé kò sí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó yẹ omi wò wá rí i pé ọmọ ẹja striped bass ń lo ìgbà òtútù láàárín àwọn òpó yẹn, wọ́n sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, ó le, ó pẹ́, nígbà tó sì di 1985, ìlú jáwọ́ nínú Westway. Òpó jíjẹrà àti ọmọ ẹja ló dá ọ̀nà olówó gọbọi dúró. Títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ yọ òpó àtijọ́ kúrò nínú odò yìí, wọ́n máa ń rò ó dáadáa.

Ní 1998, òfin sọ etí odò náà di Hudson River Park, ó sì sọ nǹkan bí 400 éékà omi rẹ̀ di ibi ààbò fún ẹ̀dá odò. Ní Pier 26, wọ́n ṣe apá kan rẹ̀ kó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbin koríko àbàtà sí i, omi ń bò ó nígbà tó bá kún, ó ń gbẹ nígbà tó bá fà. A dé ibẹ̀ nígbà tí omi ń fà. Ilé gogoro wà lẹ́yìn wa, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan dúró sínú koríko níwájú wa, ó ń ṣọ́ nǹkan. Láàárín Pier 26 àti Pier 34, wọ́n ti sọ kọnkéré oníhò roboto àti àgò irin tó kún fún ìkarahun sísàlẹ̀ omi láti 2021, wọ́n sì fi ohun tó rí wúruwùru wé ara òpó. Èèyàn tó ń kọjá kò lè rí ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ní 2018, àwọn tó ń tún òpó ṣe lábẹ́ Pier 40 rí ọ́ísítà kan tó gùn ju ínṣì mẹ́jọ lọ. Kò sẹ́ni tó gbìn ín síbẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ọgbà náà bóyá òótọ́ ni, ojú rẹ̀ tàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn ọ́n fún mi.

Gansevoort, apá mìíràn nínú ọgbà náà tí wọ́n ṣí ní 2023, ní yanrìn àti àbàtà tirẹ̀. Ibi ìsinmi ló dára fún jù; kò gba àkókò wa púpọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Brooklyn Bridge Park

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ rí ni mo gbọ́ lónìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó onígi ló gbé àwọn èbúté àtijọ́ ọgbà yìí dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí èbúté fi kún fún ẹ̀gbin, kòkòrò omi tó ń jẹ igi kò lè gbé nínú rẹ̀, nítorí náà òpó náà le koránkorán. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí mọ́, kòkòrò padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ òpó. Owó ńlá ni wọ́n ń ná láti fi kọnkéré bo òpó wọ̀nyí. Bí omi bá tún ní ẹ̀mí, kì í ṣe ẹ̀dá tó wù wá nìkan ló ń padà wá. Mo rò pé ó yẹ kí ìjọba èyíkéyìí tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ti fi owó òpó sínú ìṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti wó ògiri kúrò láwọn apá kan níbí, wọ́n kó òkúta ńláńlá dípò rẹ̀, wọ́n sì gbin àbàtà kékeré sí Pier 1. Ohun tó fà mí mọ́ra jù ni àwọn àwo kọnkéré tó wà láàárín òkúta, tí ilé-iṣẹ́ ECOncrete ṣe. Omi ń ṣẹ́kù sínú wọn nígbà tí omi èbúté bá fà. Mo wólẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí òkúta, mo sún mọ́ ọ̀kan. Ara rẹ̀ kò dán, ó ní ihò àti ìlà bí ara òkúta inú òkun, wọ́n sì tún pò ó lọ́nà tí kò fi ní máa ta ẹ̀dá omi bíi kọnkéré lásán. Koríko òkun aláwọ̀ ewé bo etí rẹ̀. Ẹ̀dá wẹ́wẹ́ oníkarahun funfun ti lẹ̀ mọ́ inú ìlà gbogbo, wọ́n fún mọ́ra pinpin. Ìgbín omi kékeré dúdú mélòó kan ń jẹ lọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, akàn kan tí kò ju owó ẹyọ lọ sì sá wọ abẹ́ koríko nígbà tí òjìji mi bò ó. Mo wá wo ògiri irin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Omi kan náà ló ń kàn án. Ìpẹtà àti ìdọ̀tí tó ń yọ̀ ló wà lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án, àwọn ọ̀dọ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn fa àgò irin kan sókè láti inú omi láti wọn ọ́ísítà inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́: edé tó hàn gbangba, akàn, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ẹja kan yọ orí jáde láàárín ìkarahun, orí rẹ̀ gbòòrò, ẹnu rẹ̀ ńlá, ó ní ẹran wẹ́wẹ́ tó ń mì lábẹ́ àgbọ̀n. Toadfish ni wọ́n pè é. Kò gbà kí wọ́n yọ òun kúrò nínú ilé rẹ̀. Ọmọdébìnrin tó mú ìwé lọ́wọ́ ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ó ń wọn ìkarahun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ èyí tó kú àti èyí tó wà láàyè. Àwọn tó kú pọ̀. Kò fi pamọ́, ó kọ ọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ní ilé-ìwé máa kọ.

Àbámẹ́ta, Staten Island

Fẹ́rì aláwọ̀ ọsàn gbé wa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.

Sandy Ground la kọ́kọ́ lọ. Ní 1828, adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Captain John Jackson ra ilẹ̀ níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún kan ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn adúláwọ̀ tó mọ iṣẹ́ ọ́ísítà, tí òfin Maryland kò jẹ́ kí wọ́n mí, kó wá láti Snow Hill. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tiwọn. Ọ́ísítà ló sọ wọ́n di onílé. Nígbà tí ẹ̀gbin ba omi jẹ́, tí àrùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń ti ara ọ́ísítà ran èèyàn, wọ́n ti àwọn ibùsùn náà pa lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tó kẹ́yìn fi kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1927. Iná sì jó ọ̀pọ̀ nínú ilé wọn ní 1963. Àwọn ìran wọn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ìtàn náà. Inú mi bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ba omi jẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń jẹun lórí rẹ̀.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Tottenville, ìlú tó kẹ́yìn ní gúúsù erékùṣù náà. Ọ́ísítà ló kọ́ ìlú yìí pẹ̀lú. Nígbà tí Ìjì Sandy jà ní October 29, 2012, ó pa èèyàn 43 ní New York, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn sì jẹ́ ará Staten Island. Òkun wọ Tottenville, ó wó ilé lulẹ̀. Lẹ́yìn ìjì náà, wọ́n lè kàn mọ ògiri gíga kí wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí òkun. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ SCAPE, tí Kate Orff ń darí, gbé kalẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n to òkìtì òkúta sínú omi, jìnnà díẹ̀ sí etí òkun, kí agbára ìgbì lè kú síbẹ̀ kó tó dé ilé. Kí òkìtì náà sì jẹ́ ilé fún ẹja.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú omi ní 2021, ó parí ní 2024. Òkìtì mẹ́jọ ni, gígùn gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí 2,400 ẹsẹ̀ bàtà. Láti etí yanrìn ní Conference House Park, òkúta dúdú lásán ni wọ́n jọ. Ohun tó ṣe pàtàkì wà lábẹ́ omi: apá tó kọjú sí òkun ní àwọn òkè tó yọ síta bí ìka ọwọ́, àlàfo tóóró wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni ọmọ ẹja lè wọ̀ tí ẹja ńlá kò ní lè lé e dé. Kọnkéré oníhò bí èyí tí mo rí ní Brooklyn wà láàárín òkúta náà. Ọ́ísítà ni wọ́n ṣètò pé yóò tẹ̀ lé e.

Mo wo ìgbì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn òkìtì, lọ́dọ̀ òkun, ó ń ru. Láàárín òkìtì àti ibi tí a dúró sí, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Yanrìn sì ń jókòó dípò kó máa lọ. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ògiri etíkun wa wá wò, nítorí òkúta àti kọnkéré ni wọ́n ń lò bákan náà, owó sì ni wọ́n ń ná bákan náà. Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó, àti nínú ẹni tí wọ́n pè sídìí iṣẹ́ kí wọ́n tó yà á sórí ìwé.

Ní òdìkejì omi, New Jersey ni. Ní 2010, ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn pàṣẹ fún NY/NJ Baykeeper, ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà omi èbúté náà, pé kí wọ́n kó ọ́ísítà tí wọ́n ń dán wò ní Keyport kúrò. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn èèyàn lè jí i jẹ, kí àìsàn sì ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wá lọ ṣe é ní ibùdó ọmọ ogun ojú omi tó wà ní Earle, níbi tí ológun ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìjọba ṣàṣejù. Èmi kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ bí ebi ṣe ń rí. Bí a bá fi ẹran omi sínú ọ̀sà Èkó lónìí, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi kó o lọ sọ́jà, a ò sì lè fi ológun ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, Canarsie

Lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀gbọ́n mú wa lọ sí Canarsie Pier. Jamaica Bay ló wà níwájú wa, omi tó gbòòrò tó ní erékùṣù koríko. Àwọn ará Caribbean àti àwọn èèyàn wa ń ju ìwọ̀, ọmọdé ń sáré kiri. Ní ìpẹ̀kun omi yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfúrufú JFK, ìjọba ìlú fi ọ́ísítà 50,000 sínú omi ní 2016, wọ́n sì fọ́ àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ti yọ kúrò nílé, tó tó nǹkan bí 5,000, wẹ́wẹ́ láti fi ṣe ilẹ̀ líle fún ọmọ wọn. Tánganran kì í jẹrà, ẹ̀dá omi sì lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, “Àbúrò mi, gbogbo eléyìí tí o ń kọ sílẹ̀, ṣé wọ́n á gbà fún ọ l'Ékòó?” Mo ní mi ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rẹ̀ ohun tó kéré. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á po kọnkéré, wọ́n á ṣe é ní pátákó, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Ìdajì àwọn pátákó náà á dán; ìdajì á ní ihò àti ìlà, a ó sì tẹ ìkarahun mọ́ ọn kó tó gbẹ. A ó fi okùn ọ̀rá so wọ́n rọ̀ sínú ọ̀sà, ní méjìméjì, kí wọ́n wà nínú omi kan náà. Lóṣooṣù, wọ́n á fà wọ́n sókè, wọ́n á ka ohun tó lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, òkú àti alààyè.

Mo ti pe apẹja kan tí mo mọ̀ ní Mákòkó lórí fóònù ní alẹ́ yìí. Ó gbà pé ká so ó mọ́ òpó ilé òun. Ó béèrè bó ṣe máa jìn tó nínú omi, mo sọ fún un, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i, kí ẹ̀rọ ọkọ̀ tó ń kọjá má baà gé okùn.